Bí A Ṣe Ń Ka Ara Ajá Kí A Tó Gbé Oúnjẹ Síwájú Rẹ̀

Ìfẹ́ ni ó máa ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn bọ́ ajá wọn ju bí ó ti yẹ lọ. Ajá á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, á tẹ ojú mọ́ ẹni tí ó ń jẹun, á gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, itọ́ á sì máa kán lẹ́nu rẹ̀, títí àánú yóò fi ṣe olúwa rẹ̀ tí yóò já lára ohun tí ó ń jẹ fún un. Ohun tí mo fẹ́ fi yé ẹ̀yin alájá ni pé ojú ajá kò ṣe é fi wọn ebi rẹ̀. Ara rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń ka ara náà, láti etí dé ìrù, láti ìhà dé ìgbẹ́, yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó fún un jẹ, ìwọ̀n tí ó tọ́ sí i, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ohun tí ajá ń fi ara sọ

Díẹ̀ ni ajá ń fi ẹnu sọ. Ara ni ó fi ń sọ ìyókù. Ìrù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń wò, wọ́n sì gbà pé inú ajá tí ó bá ti ń ju ìrù ń dùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí pé ajá tí ń bínú náà a máa ju ìrù. Bí ìrù bá rọ̀, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ gbòòrò, tí ìdí ajá náà sì ń bá a mì, ayọ̀ ni. Bí ìrù bá nà ró sókè ṣánṣán, tí ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ń gbọ̀n, tí gbogbo ara sì le gbagidi, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn. Bí ó bá ki ìrù bọ àárín itan, ẹ̀rù ń bà á. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ítálì kíyè sí i pé bí ajá bá rí olówó rẹ̀, apá ọ̀tún ara rẹ̀ ni ìrù máa ń tẹ̀ sí jù bí ó ti ń jù ú, ṣùgbọ́n bí ó bá rí ajá àjèjì tí ó fẹ́ fi agbára hàn án, apá òsì ni ó máa ń tẹ̀ sí.

Àwọn àmì mìíràn kéré débi pé ojú máa ń fò wọ́n. Ajá tí oorun kò kùn tí ó sì ń yán, ajá tí kò rí oúnjẹ tí ó sì ń fi ahọ́n lá imú ara rẹ̀, ajá tí ó ń yí orí kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ fọwọ́ kàn án, tàbí èyí tí funfun ojú rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ó ti ń wo ènìyàn láìyí orí, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ara kò rọ̀ mí, ẹ fún mi láyè. Bí ọmọdé bá dì mọ́ ọrùn ajá, ẹ wo ojú ajá náà kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Bí ó bá pa ẹnu dé ṣinṣin, tí etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, tí ó sì ń wá ọ̀nà àtijáde, ẹ rọra yọ ọmọ náà kúrò. Bí ajá bá sì kùn, ẹ má ṣe nà án. Ìkìlọ̀ ni kíkùn jẹ́, oore ni ajá fi ń ṣe ènìyàn. Ajá tí a bá nà nítorí rẹ̀ yóò kọ́ láti dákẹ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tàbí ìrora tí ó mú un kùn kò kúrò lára rẹ̀, lọ́jọ́ tí kò bá lè fara dà á mọ́, yóò bu ènìyàn jẹ láìkìlọ̀. Ajá tí ó bá fi àyà àti ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lélẹ̀ tí ó gbé ìdí sókè, eré ni ó ń pè yín sí, ẹ lè bá a ṣe é.

Ọ̀pọ̀ alájá a máa búra pé ajá mọ̀ bí ó bá ṣẹ̀, pé bí àwọn bá ti wọlé báyìí ni yóò ti dorí kodò tí yóò máa yọ́ rìn. Ní ọdún 2009, Alexandra Horowitz, onímọ̀ nípa ìṣe ajá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Barnard College ní New York, dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ó ní kí àwọn alájá kìlọ̀ fún ajá wọn pé kò gbọdọ̀ jẹ ìpápánu kan, kí wọ́n sì jáde kúrò nínú yàrá. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, a sọ òótọ́ fún àwọn kan, a sì sọ fún àwọn mìíràn pé ajá ti jẹ ẹ́ nígbà tí kò tilẹ̀ fẹnu kàn án. Ìbáwí olówó ni ó ń mú ojú ẹ̀bi náà jáde, yálà ajá ṣẹ̀ tàbí kò ṣẹ̀. Àwọn tí kò jẹ nǹkan kan tí a sì bá wí ni ó hàn lára wọn jù. Nítorí náà, bí ajá bá da ike ìdọ̀tí nù nígbà tí ẹ kò sí nílé, bíbá a wí lẹ́yìn wákàtí méjì kò kọ́ ọ ní nǹkan kan ju pé kí ó máa bẹ̀rù ìpadàbọ̀ yín. Ẹ gbé ike náà síbi tí ẹnu rẹ̀ kò lè dé.

Ojú tí ajá fi ń tọrọ oúnjẹ ní ìtàn tirẹ̀. Ìkookò ni baba ńlá ajá, ó sì ti pẹ́ gan-an tí ajá ti ń bá ènìyàn gbé. Ní Bonn-Oberkassel, ní Jámánì, a hú egungun ajá kan jáde ní ọdún 1914 nínú sàréè tí a sin ọkùnrin kan àti obìnrin kan sí, ọjọ́ orí sàréè náà sì tó nǹkan bí 14,000 ọdún. Láàárín gbogbo ìgbà tí àwa àti ajá ti jọ wà, ojú rẹ̀ yí padà. Ní ọdún 2019, Juliane Kaminski ti yunifásítì Portsmouth ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé iṣan kan wà ní òkè ojú ajá, ní ìhà imú, tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí lójú ìkookò. Iṣan yìí ni ó ń fa ìpéǹpéjú sókè tí ojú fi ń tóbi, tí ó sì ń dà bí ojú ọmọdé tí ó fẹ́ sunkún. Ajá tí ó yó bámúbámú lè fi ojú yìí wò yín. Ní ti irú ajá tí a ń pè ní Labrador, àwọn onímọ̀ ní Cambridge rí i ní ọdún 2016 pé nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́rin wọn ni apá kan nínú jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) tí a ń pè ní POMC ti já dànù lára rẹ̀, àwọn bẹ́ẹ̀ sì máa ń wúwo jù, oúnjẹ sì máa ń wù wọ́n jù. Ẹ má ṣe pe irú ajá bẹ́ẹ̀ ní wọ̀bìà. Ara rẹ̀ ni kì í tètè sọ fún un pé ó ti tó.

Ohun tí inú ajá lè gbà

Àwọn kan gbà pé níwọ̀n ìgbà tí ajá ti jáde láti ara ìkookò, ẹran nìkan ni ó yẹ kí ó máa jẹ. Ìwádìí kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ láti Sweden fi jíìnì ajá wé ti ìkookò, wọ́n sì rí i pé jíìnì AMY2B, tí ara fi ń ṣe èròjà tí ń da sítáàṣì, jẹ́ ẹ̀dà méjì péré lára ìkookò, ṣùgbọ́n ó tó láti 4 sí 30 lára ajá. Inú ajá lè da ìrẹsì àti ànàmọ́ tí ó jinná dáadáa. Ẹran ṣì ṣe pàtàkì fún un nítorí purotéènì àti ọ̀rá, ṣùgbọ́n ẹran nìkan kò tó.

Ẹ tún kíyè sí ẹnu rẹ̀. Àgbà ajá ní eyín 42, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó wà fún gbígbá ẹran mú àti gígé e. Itọ́ rẹ̀ kò sì ní èròjà tí ń da sítáàṣì bíi ti ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí ajá fi máa ń gbé oúnjẹ mì láìjẹ ẹ́ kúnná. Ẹni tí ó bá rí i tí ajá jẹ àwo oúnjẹ tán kí a tó ṣẹ́jú, kí ó má ṣe rò pé ebi ń pa á kú lọ; bí ajá ṣe ń jẹun nìyẹn. Imú ni ó fi ń yan oúnjẹ ju ahọ́n lọ. Ojú ìtọ́wò tí ó wà lórí ahọ́n ajá tó nǹkan bí 1,700, nígbà tí ti ènìyàn tó nǹkan bí 9,000. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tí ń gba òórùn nínú imú rẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù lọ, ti ènìyàn kò sì ju mílíọ̀nù díẹ̀ lọ. Bí ajá tí ara rẹ̀ kò yá bá kọ oúnjẹ, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ pò ó kí òórùn rẹ̀ lè jáde. Àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé tí àwọn kan ń fi sí oúnjẹ ajá, ènìyàn tí ń rà á ni wọ́n fi ń tàn, torí ajá kò lè fi pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé.

Fún ọ̀pọ̀ alájá, oúnjẹ tí a ti ṣe sílẹ̀, ìbáà jẹ́ gbígbẹ inú àpò tàbí rírọ̀ inú agolo, ni ó rọrùn jù láti fi bọ́ ajá láìṣìnà. Ẹ ka ara àpò náà. Ohun tí ẹ ń wá ni gbólóhùn tí ó sọ pé oúnjẹ pípé ni, pé gbogbo èròjà aṣaralóore wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó yẹ, àti pé ọmọ ajá ni ó wà fún tàbí àgbà ajá. Àjọ AAFCO ní Amẹ́ríkà àti àjọ FEDIAF ní Yúróòpù ni wọ́n ń gbé ìlànà ìwọ̀n wọ̀nyí kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ fẹ́ máa sè é, ẹ má ṣe dá a ṣe láìgba ìmọ̀ràn dókítà ẹranko, nítorí pé ẹran àti ìrẹsì nìkan kò ní kálísíọ̀mù tí ó tó. Nígbà tí ara kò bá rí i nínú oúnjẹ, inú egungun ni yóò ti lọ mú un, ẹsẹ̀ ọmọ ajá a sì máa wọ́ tàbí kí ó máa ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí a máa da oògùn kálísíọ̀mù sínú oúnjẹ ọmọ ajá tí irú rẹ̀ máa ń tóbi, torí ara rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń kọ èyí tí ó bá pọ̀ jù, yóò sì ba egungun rẹ̀ jẹ́.

Ìwọ̀n tí ó tọ́ sí i

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí á dúró lé díẹ̀. Àwọn dókítà ẹranko ní ìṣirò kan tí wọ́n fi ń mọ iye kálórì (agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ) tí ajá ń lò bí ó bá wà ní ìsinmi, ẹ sì lè fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù ṣe é. Ẹ wọn ajá ní kílógíráàmù, ẹ fi ìwọ̀n náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta, ẹ tẹ àmì √ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi 70 sọ èyí tí ó jáde di púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú ajá tí ó wọn kílógíráàmù 10. Bí a bá sọ 10 di púpọ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta (10 × 10 × 10), ó di 1,000. Bí a bá tẹ √ lẹ́ẹ̀kan, ó di 31.62, lẹ́ẹ̀kejì, ó di 5.62, bí a bá fi 70 sọ ìyẹn di púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kálórì 394. Ajá kì í fi gbogbo ọjọ́ sinmi, nítorí náà a ó tún fi 1.6 sọ ọ́ di púpọ̀ bí ó bá jẹ́ àgbà ajá tí a ti tẹ̀ lọ́dàá, tàbí 1.8 bí a kò bá tíì tẹ̀ ẹ́. Fún ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin, 3 ni. Láti ìgbà náà títí yóò fi dàgbà, 2 ni.

Ajá wa tí a ti tẹ̀ lọ́dàá yóò nílò nǹkan bí kálórì 630 lóòjọ́. Kí gbogbo ìpápánu tí a ń fún un, títí kan èyí tí a fi ń kọ́ ọ ní ìwà, má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ìyẹn 63, kí 567 tí ó kù sì wá láti inú oúnjẹ gidi. Bí ara àpò bá sọ pé gíráàmù 100 ní kálórì 350, nǹkan bí gíráàmù 162 ni a ó wọ̀n fún un ní ọjọ́ kan. Mo ní kí a wọ̀n ọ́n, nítorí pé ife tí a fi ń bu oúnjẹ máa ń tan ènìyàn jẹ: ọwọ́ kan a bù ú kún dé etí, ọwọ́ kejì a bù ú kún ní àkúnya.

Ìṣirò yìí kàn jẹ́ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni, nítorí ajá méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba lè má jẹ iye oúnjẹ kan náà. Ara ajá ni yóò sọ bóyá ìwọ̀n náà tọ́ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ fi ìka ọwọ́ yín tẹ ìhà rẹ̀ láìfi agbára ṣe é, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín wé e. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ fi ìka ọwọ́ kejì pa oríkèé rẹ̀: bí ìhà ajá bá rí báyìí lọ́wọ́, ó ti rù jù. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí ẹ pa ibi tí ó nípọn ní ìsàlẹ̀ àwọn ìka: bí ó bá rí báyìí, ó ti sanra jù. Ẹ wá na ọwọ́ yín gbọọrọ, kí ẹ pa ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ìka ti bẹ̀rẹ̀: egungun wà níbẹ̀, ẹran díẹ̀ sì bò ó. Bí ó ṣe yẹ kí ìhà ajá rí nìyẹn. Bí ẹ bá dúró sókè tí ẹ wò ó, ó yẹ kí ẹ rí ìbàdí rẹ̀ tí ó wọlé lẹ́yìn ìhà. Bí ẹ bá sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó yẹ kí ikùn rẹ̀ gòkè díẹ̀ bí ó ti ń lọ sí ẹ̀yìn. Bí ó bá ti ń sanra jù, ẹ dín oúnjẹ kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Èrè rẹ̀ pọ̀. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2002, a pín ajá Labrador 48 sí méjì láti kékeré, a sì ń fún apá kan ní oúnjẹ tí ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti apá kejì títí ọjọ́ ayé wọn. Ìdajì àwọn tí ó ń jẹ púpọ̀ ti kú kí wọ́n tó lé díẹ̀ ní ọdún 11; àwọn tí ó ń jẹ díẹ̀ tó ọdún 13 kí ìdajì wọn tó kú, oríkèé ara sì pẹ́ kí ó tó máa dùn wọ́n. Nǹkan bí ọdún méjì nínú ọjọ́ orí ajá kò kéré rárá.

Àkókò àti ọ̀nà ìgbà bọ́ ọ

Ọmọ ajá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú yẹ kí ó máa jẹun lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ títí yóò fi pé nǹkan bí oṣù mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mẹta títí di oṣù mẹ́fà, kí ó sì di ẹ̀ẹ̀mejì láti ìgbà náà lọ. Ẹ jẹ́ kí wákàtí rẹ̀ máa dọ́gba lójoojúmọ́, kí ẹ sì gbé àwo kúrò lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, yálà ó jẹ ẹ́ tán tàbí kò jẹ ẹ́ tán. Omi tútù tí ó mọ́ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹ bá fẹ́ yí oúnjẹ rẹ̀ padà, ẹ máa lú èyí tuntun mọ́ ti àtijọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ méje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò tẹ̀ lé e.

Ẹ má ṣe máa ki ọwọ́ bọ àwo ajá tí ó ń jẹun lọ́wọ́ láti fi kọ́ ọ pé ẹ̀yin ni ọ̀gá. Ẹ̀kọ́ tí yóò rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọwọ́ ènìyàn ń gba oúnjẹ lẹ́nu òun, yóò sì máa ṣọ́ àwo náà. Bí ẹ bá ń kọjá lọ, ẹ sọ ẹran kékeré kan tí ó dára ju ohun tí ó ń jẹ lọ sínú àwo náà, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Láìpẹ́, bí ó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ yín, ìrù tí ó rọ̀ ni yóò máa fi pàdé yín.

Fún ajá ńlá tí àyà rẹ̀ jìn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sáré tàbí kí ó fò lẹ́yìn oúnjẹ. Àpòlúkù irú ajá bẹ́ẹ̀ lè kún fún afẹ́fẹ́ kí ó sì lọ́ mọ́ra. Bí ikùn rẹ̀ bá wú le, tí ó ń gbìyànjú láti bì tí nǹkan kan kò jáde, tí kò sì lè fìdí sójú kan, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni ó lè pa á.

Ohun tí kò gbọdọ̀ dé ẹnu rẹ̀

Ṣokoléètì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Bí ó bá ṣe dúdú tó ni ó ṣe léwu tó, nítorí èròjà theobromine inú rẹ̀ tí ara ajá kì í tètè lò tán. Èyí tí àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni xylitol, adùn tí a ń lò dípò ṣúgà nínú ṣingọ́ọ̀mù, ọṣẹ ìfọyín àti bọ́tà ẹ̀pà mìíràn. Kì í ṣe májèlé fún ènìyàn bíi ti ajá, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ajá máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kí gìrì sì mú un. Bí ó bá pọ̀, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Èso àjàrà, tútù tàbí gbígbẹ, lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Àlùbọ́sà àti ááyù, bí wọ́n tilẹ̀ jinná tàbí tí a ti lọ̀ wọ́n kúnná, ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, nítorí náà ọbẹ̀ tí ó kù lórí àwo ènìyàn kò yẹ ajá. Ẹ̀pà macadamia a máa sọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ di aláìlágbára. Ọtí, kọfí, àti ìyẹ̀fun pípò tí a ti fi ìwúkàrà sí tí a kò tíì yan, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fẹnu kan ọ̀kankan nínú wọn. Egungun tí a ti sè máa ń ya sí ṣóńṣó mímú tí ó lè gún ìfun. Bákan náà ni oògùn ara ríro tí ènìyàn ń lò, irú bí ibuprofen, ń ṣe inú àti kíndìnrín ajá léṣe.

Bí ajá bá ti jẹ ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ má ṣe dúró de àmì, ẹ má sì rọ iyọ̀ sí i lẹ́nu láti mú un bì, nítorí iyọ̀ náà fúnra rẹ̀ lè pa á. Dókítà ẹranko ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.

Ìgbẹ́, èébì àti àìjẹun

Ìgbẹ́ ajá tí ara rẹ̀ le máa ń rí gbọọrọ, ó máa ń le níwọ̀nba, ó sì ṣe é kó nílẹ̀ láìlẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí ó bá dúdú tí ó sì ń yọ̀ bí ọ̀dà lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí ó ti òkè ìfun wá. Jíjẹ koríko lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àrùn. Bíbì lẹ́ẹ̀kan kí ó sì máa ṣeré lọ kò tó ohun tí a ń páyà fún, ṣùgbọ́n bíbì léraléra, tàbí èyí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, tàbí tí ajá náà wó lulẹ̀ tí kò fẹ́ dìde, ọ̀rọ̀ dókítà ni. Àgbà ajá tí kò bá jẹun fún odindi ọjọ́ kan yẹ kí dókítà rí i; ti ọmọ ajá kò gbọdọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń tètè lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú àpò oúnjẹ tàbí páálí ohun tí ó jẹ dání, ẹ kọ wákàtí tí ó jẹ ẹ́ àti ìwọ̀n tí ẹ rò pé ó wọlé sílẹ̀, ẹ sì bu ìgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ sínú ike tí ó mọ́, nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí ni dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.